Láti Buenos Aires Dé Bàhíà: Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Rin Etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà Láàárín Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Bí tọkọtaya bá ní àwọn ń lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, Rio ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á ní ibẹ̀ làwọn máa kọ́kọ́ sọ̀ sí, ibi tó bá kù, àwọn á máa fojú wá a. Èmi a máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí i padà. Ẹ ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní Buenos Aires, olú ìlú Argẹntínà, kí ẹ máa tẹ̀ lé omi bọ̀ lókè títí ẹ ó fi dé Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Bràsíìlì. Ní Buenos Aires, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó jọ tiwa: oúnjẹ wọn, wákàtí tí wọ́n ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ní Montevideo, olú ìlú Urugúáì, ẹ ó gbọ́ ìlù. Ní Rio, ẹ ó rí ẹ̀wà. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé Salvador, obìnrin kan á ti wà nídìí agbada epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àkàrà ló sì ń dín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ àkàrà yẹn, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, ilé ni yóò máa rò ní gbogbo ọ̀nà.

Èmi àti Bàbá Ìbejì ti rin ọ̀nà yìí. A kó àwọn ọmọ ti ìyá mi, a sì lọ. Bí a ṣe tò ó ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ibi tí a ti ṣe é kù díẹ̀ káàtó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ọjọ́ kí ẹ tó ka owó

Ojú ọjọ́ ọ̀hún kò bá ti Yúróòpù mu. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ooru wọn. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni òtútù, òtútù tí yóò mú yín wọ kóòtù ní Buenos Aires. Salvador kì í tutù rárá, àmọ́ òjò máa ń pọ̀ níbẹ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù keje. Ìgbà méjì ló dára lójú tèmi: oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, tàbí àárín oṣù kìíní. Ti oṣù kìíní ni mo yàn, nítorí ọjọ́ kejì oṣù kejì ni ọjọ́ ọdún Yemọja ní Salvador, mo sì fẹ́ kó bá wa níbẹ̀.

Bí a ṣe pín in rèé: a dé Buenos Aires ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní, a sun oorun márùn-ún. Oorun kan ní Colonia del Sacramento. Mẹ́ta ní Montevideo. Márùn-ún ní Rio. Mẹ́fà ní Salvador. Ogún oorun, ó pé. Bàbá Ìbejì fẹ́ kí á fi òṣọ́ọ̀rọ̀ omi Iguazú kún un, wọ́n tún fẹ́ kí á yà sí Lima ní Peru. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìsinmi la ń lọ àbí a ń sáré ìjẹ?” Pápákọ̀ òfurufú ni ẹni tó bá fi ibi méjì yẹn kún ogún ọjọ́ yóò mọ̀ jù nínú gbogbo ìlú tó lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ohun kan tó máa rọ̀ yín lọ́rùn ni pé aago orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu ní gbogbo ìlú wọ̀nyí, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n sì fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà. Bí ẹ bá fẹ́ gbóhùn àwọn ọmọ, ẹ pè wọ́n kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti ọ̀hún tó lù, torí aago mẹ́jọ alẹ́ ló jẹ́ nílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé

Fún ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, físà mẹ́ta ni: Argẹntínà, Urugúáì, Bràsíìlì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ ìrìn. Ilé iṣẹ́ aṣojú Argẹntínà àti ti Bràsíìlì wà ní Àbújá, Bràsíìlì sì tún ní kọ́ńsọ́ọ̀lù ní Èkó. Àwọn tó ń lo ìwé ìrìnnà Britain kò nílò físà fún ìsinmi ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; tàwọn ará Amẹ́ríkà, Bràsíìlì tún ti ń béèrè físà orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn láti oṣù kẹrin ọdún 2025.

Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà tó ń lọ tààrà yìí nìyí: ẹ kò ní padà sí orílẹ̀-èdè tí ẹ ti kúrò. Bí ẹ bá ti Buenos Aires lọ sí Montevideo, tí ẹ tún padà wá wọ ọkọ̀ òfurufú ní Buenos Aires, físà àwọlé-ẹ̀ẹ̀kan yín ti parí nìyẹn.

Bí orúkọ ìdílé tó wà nínú ìwé ìrìnnà ìyàwó bá jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó dání. Ó máa ń gba ọ̀rọ̀ là.

Káàdì ibà pọ́njú ńkọ́? Ẹ má fi ṣeré. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì gba káàdì lọ́wọ́ àwọn Port Health. Láti ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún ìgbésí ayé ẹni, nítorí náà, bí ẹ bá ti gbà á rí, ẹ wá káàdì yẹn jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ojúlówó ni kí ẹ mú; ẹ má mú fọ́tòkọ́pì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Tíkẹ́ẹ̀tì àti owó

Tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ Buenos Aires, tó sì gbéra padà ní Salvador, ni kí ẹ wá. Ẹ má ra alọ-àbọ̀ sí ìlú kan ṣoṣo, torí ẹ ó tún san owó láti padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti Èkó, Ethiopian máa ń gba Addis Ababa lọ sí São Paulo àti Buenos Aires. Fún àbọ̀, TAP máa ń gbéra láti Salvador lọ sí Lisbon. Láàárín Montevideo sí Rio, àti Rio sí Salvador, ọkọ̀ òfurufú náà ni. Ọ̀nà ilẹ̀ láti Rio dé Salvador tó ẹgbẹ̀jọ kìlómítà, bọ́ọ̀sì á sì lò ju ọjọ́ kan lọ. Ọkọ̀ òfurufú á dé ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ràn bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn mi kò fẹ́ràn rẹ̀.

Owó: ẹ mú káàdì dọ́là, kí ẹ sì mú dọ́là tí ẹ lè kà lọ́wọ́. Ọlọ́gọ́rùn-ún ni kó jẹ́, tuntun, tí kò ṣẹ́ po, tí báńkì kò lu òǹtẹ̀ sí. Àwọn onípààrọ̀ owó ní Buenos Aires máa ń wo owó bí ẹni ń wo ẹyin sí ìmọ́lẹ̀; bó bá ya níbì kan, wọn ò gbà á, bó bá sì jẹ́ oníbíńtín bíi márùn-ún tàbí mẹ́wàá, iye tí wọ́n á fún yín á kéré. Peso Argẹntínà kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ má pààrọ̀ jù ohun tí ẹ máa ná láàárín ọjọ́ méjì lọ. Ní Bràsíìlì, káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, àmọ́ àwọn tó ń kiri ọjà létíkun, Pix ni wọ́n fẹ́, ìyẹn owó fífi ránṣẹ́ lórí fóònù tó jẹ́ ti báńkì ilẹ̀ wọn. Ẹ̀yin kò ní i, torí náà ẹ ní ṣéńjì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: iná mànàmáná Rio, fóòtì 127 ni, kì í ṣe 230 bíi tiwa. Ẹ̀rọ ìgbẹrun tí mo gbé láti ilé kàn ń mí sí mi lórí bí arúgbó ni. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì Argẹntínà náà sì yàtọ̀ sí ti Bràsíìlì, ẹ ra èyí tó ń gba oríṣiríṣi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bá ara yín sọ òótọ́ kí ẹ tó kúrò nílé

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì ń da ìrìn àjò tọkọtaya rú. Nílé, tọkọtaya kì í fi bẹ́ẹ̀ wà pa pọ̀. Iṣẹ́ wà, ìjọ wà, àwọn ọmọ wà, àlejò ń wọlé. Lójú àjò, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ẹ ó fi máa wo ojú ara yín fún ogún ọjọ́, nínú yàrá kan. Ohun tí ẹ kò tíì rí láti ọdún tí ẹ ti fẹ́ra yín lè yọjú.

Àpò kan ni kí ẹ ná. A jọ dá owó, a fi sínú àpòòwé márùn-ún, ìlú kan sí àpòòwé kan. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àpòòwé ìlú kan á bọ́ sínú ti ìlú tó kàn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tara rẹ̀, bí bàtà awọ tàbí yẹtí, owó tirẹ̀ ni kó ná, ẹnì kejì kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan gba ìjà mẹ́ta lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn owó, ìrìn. Bàbá Ìbejì lè rìn láti àárọ̀ di alẹ́. Èmi kò lè ṣe é. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ohun kan ní òwúrọ̀, ohun kan ní ìrọ̀lẹ́, láti aago kan sí mẹ́rin kálukú gba òmìnira. Kálukú tún ní ọjọ́ tirẹ̀ tí ẹnì kejì á tẹ̀ lé e láìráhùn. Bàbá Ìbejì lo tiwọn ní Montevideo, ní pápá Centenario tí wọ́n ti gbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ ní ọdún 1930. Wákàtí mẹ́ta nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nípa yàrá: bí ẹ bá ń gba hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lára bẹ́ẹ̀dì. Ní Argẹntínà àti Urugúáì, “cama matrimonial” ni bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya. Ní Bràsíìlì, “cama de casal”. Bí ẹ kò bá béèrè, wọ́n lè fún yín ní bẹ́ẹ̀dì kéékèèké méjì. Ẹ sì ṣọ́ra fún ilé tí wọ́n kọ “motel” sí ní Bràsíìlì. Wákàtí ni wọ́n fi ń yá yàrá níbẹ̀, dígí sì wà ní òkè àjà. A rí ọ̀kan tí owó rẹ̀ rọ̀ jọjọ, tí Bàbá Ìbejì ń yọ̀ pé àwọn rí ọjà, kí ó tó hàn sí wa pé kì í ṣe irú ilé tí tọkọtaya ń gbé báàgì mẹ́rin wọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Buenos Aires

Ẹ gbé ní San Telmo bí ẹ bá fẹ́ràn ilé àtijọ́, tàbí Palermo bí ẹ bá fẹ́ igi àti ìdákẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ra káàdì SUBE. Òun lẹ fi ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1913. Káàdì kan tó ẹ̀yin méjèèjì.

Wọn kì í jẹun alẹ́ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹni tó bá lọ sí ilé oúnjẹ ní aago méje, ó máa bá wọn níbi tí wọ́n ti ń nulẹ̀. Ẹ ṣe bíi tiwọn: ní aago márùn-ún, ẹ mu tíì tàbí kọfí pẹ̀lú búrẹ́dì kékeré oníṣúgà tí wọ́n ń pè ní medialuna, kí ebi má pa yín di ìbínú. Ẹran ni oúnjẹ alẹ́ wọn. Ilé tí wọ́n ti ń yan án ni “parrilla”. Ẹ sọ “bien cocido”, torí bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè gbé ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ wá. “Morcilla” tí ó dúdú, tó ń dán, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ẹ̀sìn tàbí èèwọ̀ rẹ̀ kò gbà á kó mọ̀. Ata kò sí. Ewéko tí wọ́n pò mọ́ òróró ni wọ́n ń pè ní chimichurri, ó dùn, àmọ́ kì í ta.

Ìkíni wọn ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń ko ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀kan, ọkùnrin sí ọkùnrin pàápàá. Onílé wa fi ẹnu kan Bàbá Ìbejì lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí a dé, wọ́n sì dúró gan-an bí òpó iná. Ní Rio, ẹ̀ẹ̀mejì ni fún obìnrin. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti wà láàárín yín ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má jowú.

Ohun tí ẹ ó wò: ọjà ọjọ́ Àìkú ní òpópónà Defensa ní San Telmo, itẹ́ òkú Recoleta, níbi tí Eva Perón, ìyàwó ààrẹ wọn nígbà kan rí, wà, tí ilé òkú ibẹ̀ tóbi ju ilé alààyè lọ, àti ilé ìtàwé El Ateneo Grand Splendid, tí ó jẹ́ gbọ̀ngàn tíátà tẹ́lẹ̀, tí ènìyàn ń jókòó kàwé nínú àwọn bọ́ọ̀kìsì tí ọlọ́lá ti ń wòran. Àdúgbò La Boca dára ní ọ̀sán, ní ojú títì Caminito nìkan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ kúrò. Àwọn tó ń wojú yín níbẹ̀, ìyàlẹ́nu ni fún ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ará Senegal tó ń tajà lójú títì ni ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọdá odò

Odò Río de la Plata fẹ̀ débi pé ẹ kò ní rí etí kejì. Ọkọ̀ ojú omi tó yá á dé Colonia ní nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní èbúté Buenos Aires gan-an ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ méjèèjì: ti àjáde Argẹntínà, lẹ́yìn náà ti àwọlé Urugúáì. Nítorí ìyẹn, ẹ dé ní wákàtí méjì ṣáájú. Àwa dé ní wákàtí kan, ìlà sì gùn bí ìlà epo bẹntiróòlù. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù tí a fi wọlé, báàgì mi kan sì já lókùn.

Àwọn Potogí ló tẹ Colonia dó ní ọdún 1680, àwọn Sípéènì sì bá wọn jà á léraléra. Ìlú kékeré olókùúta ni, wákàtí mẹ́rin tó láti rìn ín já. Kí wá nìdí tí mo fi ní kí ẹ sùn níbẹ̀? Nítorí àwọn èrò ọ̀sán máa ń padà sí Buenos Aires ní ìrọ̀lẹ́, ìlú á sì kù fún ẹ̀yin méjèèjì àti àwọn ajá. Oòrùn á wọ̀ sínú odò. Ká sòótọ́, alẹ́ yẹn ni mo gbádùn ọkọ mi jù nínú gbogbo ìrìn náà.

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì á gbé yín dé Montevideo ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹ gbé ní Pocitos tàbí Punta Carretas, lẹ́bàá omi. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rambla tẹ̀ lé omi fún ohun tó lé ní ogún kìlómítà. Ẹ mú súwẹ́tà, atẹ́gùn ibẹ̀ kò mọ̀ pé ooru ni. Ẹ ó rí tọkùnrin tobìnrin tó há fúláàsì omi gbígbóná sí abíyá, tí wọ́n ń mu mate, tíì ewé wọn, láti inú igbá kékeré. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ mu ún tán kí ẹ tó dá a padà, ẹ má sì fi irin ìmumi inú rẹ̀ ro ó.

Bí ọjọ́ Àìkú bá bá yín níbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ẹ lọ sí Barrio Sur tàbí Palermo ti Montevideo. Àwọn ọmọ ọmọ ẹrú ló ni ìlù candombe tí UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, fi sára ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2009. Orúkọ ìlù mẹ́ta náà ni chico, repique àti piano. Wọ́n á dáná sójú títì, wọ́n á yá awọ ìlù nídìí iná kí ó lè le, wọ́n á sì tò, ọwọ́ kan lára awọ, igi lọ́wọ́ kejì. Ẹsẹ̀ Bàbá Ìbejì kò gbé jẹ́ẹ́ mọ́. Kò sí owó ìwọlé. Ẹ kàn máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ keje: Rio, pẹ̀lú ojú alákàn

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe ní Rio. Ìlú náà rẹwà, àmọ́ fóònù kì í pẹ́ lọ́wọ́ aláìfura. Fóònù Bàbá Ìbejì lọ láti ojú fèrèsé tákísí ní Copacabana. Wọ́n ń ya àwòrán, ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ sì gbà á bí àwòdì ṣe ń gbé òròmọdìyẹ. Nítorí náà: ẹ mú fóònù àtijọ́ kan wá láti ilé fún ìta. Bí ẹ bá ń lọ sétíkun, aṣọ ìnura, owó díẹ̀, ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, ó tán. Ẹ máa lọ wẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan ṣọ́ ẹrù. Bí àsíá pupa bá wà lẹ́bàá omi, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó.

Bí owó bá tó ibì kan ṣoṣo láti gùn, ẹ gun òkè Pão de Açúcar. Mo mọ̀ pé ère Kristi ni gbogbo ayé mọ̀, ọdún 1931 ni wọ́n sì ti parí rẹ̀ lórí òkè Corcovado tó ga ní mítà 710. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bò ó, ẹsẹ̀ Jésù nìkan lẹ ó rí. Láti orí Pão de Açúcar, ẹ ó rí ère náà, ẹ ó rí etíkun, ẹ ó rí gbogbo ìlú. Ẹ gùn ún ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ ṣú bá yín lókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ feijoada: ẹ̀wà dúdú tí wọ́n se pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹran, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Feijão ni wọ́n ń pe ẹ̀wà. Ẹni tó bá ti jẹ frejon ní Campos tàbí Lafiaji ní Èkó, ní ọjọ́ Ẹtì Rere, á mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá: àwọn Àgùdà tó padà wálé ló gbé e wá.

Ẹ lo òwúrọ̀ kan ní Cais do Valongo, èbúté ẹrú àtijọ́. Ọdún 2011 ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún èbúté ṣe walẹ̀ kan òkúta rẹ̀, ó sì wọ inú ìwé UNESCO ní ọdún 2017. UNESCO ṣírò pé nǹkan bí 900,000 ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí kò ju òkúta àti kòtò lọ. A kò ya àwòrán.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Salvador

Ẹ gbé ní Barra bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, tàbí Rio Vermelho bí ẹ bá fẹ́ jẹun. Ní Porto da Barra, omi rọ̀ bí omi inú ọpọ́n, ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí oòrùn bá ti wọ omi, àwọn èrò á pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti àkàrà dáadáa. Acarajé ni wọ́n ń pè é, “àkàrà” àti “jẹ” tí wọ́n so pọ̀. Ẹ̀wà ni, epo pupa ni wọ́n fi dín in, wọ́n ń pe epo náà ní dendê. Ó tóbi ju tiwa lọ, wọ́n á là á nínú, wọ́n á fi ọbẹ̀ kíki tí wọ́n ń pè ní vatapá sí i, wọ́n á fi ilá tí wọ́n ń pè ní caruru sí i, wọ́n á da edé lé e. Obìnrin tó ń tà á á wọ aṣọ funfun pẹ̀lú gèlè. Láti ọdún 2005 ni ìjọba ti kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá Bràsíìlì. Ó máa bi yín pé, “Quente?” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gbígbóná, àmọ́ kì í ṣe ooru ló ń béèrè, ata ni. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nínú ẹran tí kò ní ata, omi jáde lójú mi, mo sì dúpẹ́: “Obrigado!” Ìyá náà gbọn orí. Obìnrin kì í sọ “obrigado”. “Obrigada” ni tiwa, ọkùnrin ló ni èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ béèrè abará. Ewé ni wọ́n fi dì í.

Nígbà tí ìyá yẹn gbọ́ tí ọkọ mi ń pè mí ní Ìyá Ìbejì, ó dáwọ́ dúró. “Ibeji?” Mo na ìka méjì sókè, mo fi ọwọ́ wọn gíga àwọn ọmọ. Ó bu àkàrà kékeré méjì lé e fún wọn, kò gba owó. Àwa la jẹ ẹ́.

Ẹ má retí pé ẹ ó máa bá wọn sọ Yorùbá o. Potogí ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà. Inú orin, oríkì àti orúkọ oyè ni Yorùbá wọn wà, nínú àwọn ilé òrìṣà bíi Casa Branca, tàbí Ilê Axé Opô Afonjá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Bàbá Ìbejì fẹ́ máa tún ohùn ìyá àgbà kan ṣe. Mo gún wọn nígunpá. Ẹni tó ti pa orin mọ́ láti ìran dé ìran lábẹ́ ìsìnrú àti ọlọ́pàá, a kì í kọ́ ọ ní àmì ohùn.

Bí ẹ bá rí ilé kan tó gba àlejò lọ́jọ́ ọdún, ẹ wọ aṣọ funfun, kí síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó kọjá orúnkún. Ẹ pa fóònù. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọkùnrin ń jókòó sí ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin, nítorí náà ẹ ti fẹnu kò sí ibi tí ẹ ó ti pàdé, torí ó lè di òru kí ó tó parí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn, ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà ní ìjọ Rosário dos Pretos ní Pelourinho, níbi tí àwọn Kátólíìkì ti ń fi ìlù kọrin.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ kejì oṣù kejì. Ẹ jí ní aago mẹ́rin òru. Ilé Yemọja wà létí omi ní Rio Vermelho, ìlà àwọn tó ń gbé òdòdó wá á sì ti gùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wọ funfun tàbí búlúù. Òdòdó nìkan ni kí ẹ mú. Ẹ má mú ìgò tàbí nǹkan oníke, òkun kò fẹ́ ẹ. Àwọn apẹja ló ń kó gbogbo apẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi wọn, tí wọ́n sì ń tu lọ sójú agbami ní ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Kristẹni ni èmi, mo dúró lókè mo ń wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò gbọ́ èdè mi lu ìlù, tí wọ́n sì pariwo “Odoyá!”, mo rí i pé ẹnu mi ń dá wọn lóhùn: odò ìyá.

Lọ́jọ́ àbọ̀, bí ẹ bá ra epo, ẹ fi ọ̀rá méjì wé ìgò náà, kí ẹ kó o sínú báàgì ńlá. Wọn kò ní jẹ́ kó wọlé lọ́wọ́ yín. Ẹ kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Salvador kò yàtọ̀ sí ti Èkó. Bí tákísí bá ti wọ abẹ́ igi ọparun tó tẹ̀ bo títì lójú ọ̀nà pápákọ̀, ẹ ti dé.